Wákàtí Dé Wákàtí: Ooru Ọ̀sán àti Iṣẹ́ Páńẹ́lì Sólà ní Ìbàdàn

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ìtàn ogun tàbí oríkì tí Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, fi ń yan láàárín ìlú, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ohun pẹlẹbẹ dúdú tí ó ń pọ̀ sí i lórí òrùlé wa lójoojúmọ́, èyí tí a ń pè ní sólà, àti ti ooru tí ó ń jà á lólè ní ọ̀sán gangan nígbà tí ẹni tí ó rà á rò pé èrè ni òun ń kó wọlé.

Kò sí ẹni tí ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìparí oṣù Èbìbí ọdún 2023 tí a ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń pariwo ní ẹ̀yìnkùlé sì di ohun tí olówó pàápàá ń rò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó tàn án, ni aránṣọ, onígbàjámọ̀, ìyá oníyìnyín, ilé ìwòsàn àti ilé ìjọsìn ti ń dá owó jọ láti ra páńẹ́lì, ínfátà àti bátìrì. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi ẹni tí ó bá wá gbé e sórí ilé fún wọn: yúníìtì mélòó ni yóò máa fún mi lójúmọ́? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ń gbà kò ju kí oníṣẹ́ náà yí ẹ̀yìn páńẹ́lì sókè, kí ó ka iye wáàtì tí a kọ sí i, kí ó fi iye wákàtí tí oòrùn fi ń ràn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ó sì pe ohun tí ó bá jáde ní òtítọ́. Mo fẹ́ fi hàn yín ní ọ̀sán yìí pé ìṣirò yẹn kò pé. Pé ooru ni ó kù níbẹ̀. Àti pé a kò lè mọ ohun tí ooru ń gbà lọ́wọ́ wa bí a kò bá ka ooru náà ní wákàtí dé wákàtí, nítorí pé ìpíndọ́gba ooru ojúmọ́, bí ó tilẹ̀ wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ mọ irú aṣọ tí yóò wọ̀, ẹlẹ́rìí èké ni bí ẹjọ́ bá di ti sólà.

Àwọn baba wa ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ẹlòmíràn ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ páńẹ́lì wa lórúkọ. Bí a bá rí i tí wọ́n kọ 400 wáàtì sí ẹ̀yìn páńẹ́lì kan, ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ ni pé nínú iyàrá ìdánwò, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tí ó tó 1,000 wáàtì bọ́ sórí ààyè tí gígùn rẹ̀ àti ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, tí ara páńẹ́lì náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká, sì wà ní dígírì Celsius 25, wáàtì 400 ni ó mú jáde. Àtùpà tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò yìí kì í pẹ́ tí ó fi ń kọ mọ̀nà. Ìṣẹ́jú àáyá kan kò kọjá kí ó tó tàn kí ó sì kú, tí páńẹ́lì kò fi ráyè gbóná rárá. Ta ni nínú wa tí ó ti fọwọ́ kan páńẹ́lì lórí páànù ilé ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù Ẹrẹ́nà tí ó bá a ní dígírì 25? Ẹni tí ó bá gbìyànjú rẹ̀ yóò tètè fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé, ní ṣókí, ìdí tí ooru fi jẹ́ ọ̀tá ohun tí oòrùn fúnra rẹ̀ ń bọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti àwọn tí ó kàwé nínú wọn, ló gbà pé bí oòrùn bá ti mú tó ni iná yóò ti pọ̀ tó. Ìmọ́lẹ̀ ni páńẹ́lì ń jẹ, kì í jẹ ooru. Ní ọdún 1839 ni Edmond Becquerel, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí kò tíì pé ogún ọdún, ti kíyè sí i pé ìmọ́lẹ̀ lè mú kí iná mànàmáná rìn. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 1954, ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, kí Chapin, Fuller àti Pearson tó fi sílíkọ́nì ṣe páńẹ́lì tí ó wúlò, tí ó ń sọ nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ lé e di iná. Lónìí, èyí tí ó wà lọ́jà ń sọ ìdá bí 20 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ di iná. Ìyókù ńkọ́? Díẹ̀ ta padà sókè; èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ di ooru nínú ara páńẹ́lì náà, bẹ́ẹ̀ ni sílíkọ́nì tí ó bá gbóná kì í lè ti iná jáde dáadáa bí èyí tí ó tutù, nítorí pé fóltì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bí ooru rẹ̀ ti ń lọ sókè, kárọ́ńtì rẹ̀ a sì fi díẹ̀ kíún gòkè, èyí tí kò tó láti dí àdánù náà. Fún ọ̀pọ̀ páńẹ́lì sílíkọ́nì tí ó wà lórí ilé wa, dígírì kọ̀ọ̀kan tí ó bá kọjá 25 ń gba nǹkan bí ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ 0.4 lè rẹ́rìn-ín pé kí ni ìyẹn. Kí ó mú sùúrù.

Ibi tí ìwọ̀n ooru wákàtí dé wákàtí ti wọlé nìyí. Ohun tí tẹmómítà ń sọ fún wa ni ooru afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ooru ara páńẹ́lì. Àwọn onímọ̀ ti wá ọ̀nà láti ti inú ọ̀kan dé inú èkejì. Wọn a gbé páńẹ́lì sí gbangba níbi tí ìmọ́lẹ̀ jẹ́ 800 wáàtì, tí afẹ́fẹ́ wà ní dígírì 20, tí atẹ́gùn jẹ́ẹ́jẹ́ ń fẹ́ ní mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, wọn a sì wo ibi tí ara rẹ̀ yóò gbóná dé. Nǹkan bí dígírì 45 ni ọ̀pọ̀ ń gbóná dé, a sì máa ń kọ ọ́ sí ìwé tí ó bá páńẹ́lì wá láti ilé iṣẹ́. Láti inú èyí, ìṣirò tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè ṣe ti tó wa: ìmọ́lẹ̀ 800 wáàtì fi dígírì 25 kún ooru afẹ́fẹ́, nítorí náà wáàtì 32 kọ̀ọ̀kan ń fi dígírì kan kún un. Kí a pín ìmọ́lẹ̀ wákàtí náà sí 32, kí a ro ó pọ̀ mọ́ ooru afẹ́fẹ́ wákàtí náà, ohun tí a ó rí kò ní jìnnà sí ooru ara páńẹ́lì.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọjọ́ kan kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ, irú èyí tí a ń rí ní Ìbàdàn nínú oṣù Ẹrẹ́nà nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́, kí a sì fi wákàtí kan dúró fún méjì kí n má bàa fi nọ́ńbà pa yín. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, afẹ́fẹ́ wà ní dígírì 25, ìmọ́lẹ̀ sì jẹ́ 240 wáàtì. Ara páńẹ́lì yóò jẹ́ 32.5, àdánù rẹ̀ kò sì ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní aago mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ ti di 29, ìmọ́lẹ̀ 640. Ara páńẹ́lì di 49, àdánù ti di 9.6. Ní aago méjìlá, afẹ́fẹ́ 32, ìmọ́lẹ̀ 880. Ara páńẹ́lì 59.5, àdánù 13.8. Ní aago méjì ọ̀sán, afẹ́fẹ́ gun 34, èyí tí ó gbóná jù lọ nínú àwọn wákàtí tí a yàn, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó jẹ́ 800; ara páńẹ́lì 59, àdánù 13.6. Ní aago mẹ́rin, afẹ́fẹ́ 33, ìmọ́lẹ̀ 480. Ara páńẹ́lì 48, àdánù 9.2. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ ṣì wà ní 31, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kò ju 64 lọ, àdánù sì padà sí 3.2. Bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ fún páńẹ́lì 400 wáàtì kan, tí a sì fi ìmọ́lẹ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan wọn àdánù wákàtí kọ̀ọ̀kan, ohun tí ooru gbà lọ́jọ́ náà jẹ́ ìdá 11.1 nínú ọgọ́rùn-ún.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a pe ìpíndọ́gba wá jẹ́rìí. Bí a bá ka ooru ọ̀sán àti ti òru pọ̀ lọ́jọ́ náà, ìpíndọ́gba rẹ̀ yóò wà ní nǹkan bí dígírì 28. Ẹni tí ó bá yọ 25 kúrò nínú rẹ̀ yóò ní dígírì mẹ́ta péré ni ó lé, àdánù yóò sì jẹ́ ìdá 1.2. Ẹni tí ó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó rántí pé ìmọ́lẹ̀ ń mú páńẹ́lì gbóná, ṣùgbọ́n tí ó pín ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà sí wákàtí mẹ́rìnlélógún, yóò rí 4.4. Ọjọ́ kan náà, páńẹ́lì kan náà, èsì mẹ́ta: 1.2, 4.4 àti 11.1, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ni ó sún mọ́ òtítọ́. Bí ìyá tí ó ń tajà ní Dùgbẹ̀ bá fẹ́ mọ iye tí òun ń pa ní wákàtí kan, kì í ka àwọn wákàtí tí òun fi ń sùn mọ́ ti ọjà. Páńẹ́lì kì í ṣiṣẹ́ lóru. Òtútù òru kò sì ṣe é ní ire kankan. Wákàtí tí ó ń ṣiṣẹ́ jù lọ gan-an ni ooru ń bá a fínra jù lọ, nítorí náà, ẹni tí ó bá da òru pọ̀ mọ́ ọ̀sán ti fi òtútù tí kò wúlò bo ooru tí ó ń jani lólè mọ́lẹ̀. Fún ilé tí ó ní páńẹ́lì mẹ́wàá irú èyí, ìyàtọ̀ láàárín ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ àti òtítọ́ jẹ́ nǹkan bí yúníìtì méjì àti ààbọ̀ lójúmọ́: ó ń retí 24.5, 22.1 ni yóò rí. Ẹnikẹ́ni tí ó ń fi káàdì ra yúníìtì sínú mítà mọ̀ pé yúníìtì méjì àti ààbọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń jù nù.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan níbẹ̀ yẹn ti ń mi orí, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mi ín: ṣé gbogbo wàhálà yìí kò tán bí a bá kúkú ra páńẹ́lì kan kún un? Ó tán ní apá kan. Èmi náà kò sọ pé ooru ni olórí olè. Ìkuukùu ju ooru lọ, eruku lórí páńẹ́lì a máa bá a díje, òjìji igi máńgòrò aládùúgbò tí ó bọ́ lé igun kan páńẹ́lì lè ba iṣẹ́ gbogbo wọn jẹ́, ínfátà àti wáyà náà sì ń gba tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fi páńẹ́lì kún páńẹ́lì gbọ́dọ̀ mọ iye tí yóò fi kún un, bátìrì tí ó bá kéré jù tàbí tí ó tóbi jù sì ni ó ń jẹ owó ènìyàn jù lọ nínú gbogbo ẹrù yìí. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Bí a kò bá ní ìwọ̀n lọ́wọ́, kí ni a fẹ́ fi bá oníṣẹ́ sólà jiyàn?

Níbo ni a ó ti rí ooru wákàtí dé wákàtí? Àjọ tí ó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, tí a dá sílẹ̀ lórúkọ yìí ní ọdún 2003, ní àwọn ibùdó ìwọ̀n káàkiri, pàápàá ní àwọn pápákọ̀ òfurufú. Àwọn ará Yúróòpù náà ní ilé iṣẹ́ kan tí ó gbajúmọ̀ ní ìlú Reading, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ńlá tún ojú ọjọ́ gbogbo ayé kọ, wákàtí kọ̀ọ̀kan láti ọdún 1940 títí di ìsinsìnyí, wọ́n sì pè é ní ERA5. Ètò mìíràn, PVGIS, tí ilé ìwádìí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní Ispra, ní ilẹ̀ Ítálì, ń bójú tó, ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì fọwọ́ kan Ìbàdàn, tàbí Kútọnu, tàbí Ṣakí, lórí àwòrán ilẹ̀ ayé, kí ó sì kó ìmọ́lẹ̀ àti ooru wákàtí kọ̀ọ̀kan fún ọdún púpọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Wákàtí 8,760 ni ó wà nínú ọdún kan. Ohun tí kò sí akọ̀wé tí yóò lè fi ọwọ́ ṣírò láìsí pé ojú rẹ̀ ṣú ni ẹ̀rọ ń ṣe kí ènìyàn tó mu omi tán.

Ìkìlọ̀ méjì wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti aago. Aago Greenwich ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ń lò, wákàtí kan ni tiwa sì fi ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ooru aago méjìlá tiwa pàdé ìmọ́lẹ̀ aago méjìlá tiwọn ti so ọkọ mọ́ ìyàwó ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sán gangan ní Ìbàdàn kì í ṣe aago méjìlá bí ọ̀pọ̀ ti rò, nítorí pé ìlà tí a fi ń ka aago Nàìjíríà jìnnà sí wa ní ìhà ìlà-oòrùn, oòrùn sì ń pẹ́ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 44 lẹ́yìn aago kí ó tó dé agbede-méjì orí wa, èyí tí ó ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ dín tàbí lé sí i bí oṣù ti ń yí. Ìkìlọ̀ kejì ni pé ojú olójú kò jọ ojú ẹni. ERA5 pín ilẹ̀ ayé sí igun mẹ́rin-mẹ́rin tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 31, nítorí náà páànù Bẹẹrẹ àti Ọjà-Ọba, tí ó ń yan ènìyàn ní ọ̀sán, àti oko ẹ̀gẹ́ tí ó tutù mìnìjọ̀ lẹ́yìn ìlú, lè bọ́ sínú igun kan náà, kí ìwọ̀n kan ṣoṣo sì dúró fún àwọn méjèèjì. Kò sí kọ̀ǹpútà ní Reading tí ó mọ̀ pé àárín ìlú gbóná ju Mọ́nìyà lọ.

Ní ibi tí kò bá sí ju ooru tí ó ga jù àti èyí tí ó rẹlẹ̀ jù lọ lójúmọ́, tí ó jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ kọ sílẹ̀, a kò tíì dé ibi tí ọ̀nà ti pin. Ooru máa ń rẹlẹ̀ jù ní kété kí oòrùn tó yọ, ó sì ń ga jù ní wákàtí méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀sán gangan, nítorí pé ilẹ̀ ń gba ooru pamọ́ kí ó tó tú u sí afẹ́fẹ́. Bí a bá mọ òkè àti ilẹ̀, a lè fa ìlà títẹ̀ kan láàárín wọn tí yóò fún wa ní wákàtí tí ó kù. Àwọn onímọ̀ tilẹ̀ lọ jù bẹ́ẹ̀. George Hargreaves àti Zohrab Samani, tí wọ́n ń wá bí àgbẹ̀ yóò ṣe mọ omi tí ohun ọ̀gbìn rẹ̀ ń fẹ́, fi hàn pé láti inú ìyàtọ̀ ooru ọ̀sán àti ti òru nìkan, a lè fojú bu ìmọ́lẹ̀ oòrùn pàápàá níbi tí kò sí ẹ̀rọ tí ó ń wọ̀n ọ́n. FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, sì fi ọ̀nà wọn sínú ìwé àgbẹ̀ rẹ̀ ti ọdún 1998. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ìkuukùu a máa dènà oòrùn lọ́sàn-án, a sì máa bo ilẹ̀ lóru kí ooru má bàa lọ, nítorí náà ní ọjọ́ tí ó bá ṣú, ọ̀sán àti òru á sún mọ́ra. Ní ọjọ́ tí ó bá mọ́, wọn a jìnnà síra.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ìmọ́lẹ̀ tí ó dé òkè sánmà lórí Ìbàdàn, kí ó tó bá ìkuukùu pàdé, tó yúníìtì 10.3 lórí mítà kan níbùú lóòró lójúmọ́, ní oṣù Ẹrẹ́nà àti ní oṣù Ògún bákan náà. Bí ọ̀sán Ẹrẹ́nà bá jẹ́ 34 tí òru rẹ̀ jẹ́ 23, ìyàtọ̀ jẹ́ 11. A ó wá ohun tí a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ kí ó tó di 11, èyí tí ó jẹ́ 3.3 àti díẹ̀, a ó fi 0.16 tí wọ́n yàn fún ìlú tí ó jìnnà sí òkun sọ ọ́ di púpọ̀, a ó sì tún fi 10.3 sọ ọ́ di púpọ̀: yúníìtì 5.5 ni yóò dé ilẹ̀. Bí ọ̀sán Ògún bá jẹ́ 28 tí òru rẹ̀ jẹ́ 22, ìyàtọ̀ jẹ́ mẹ́fà péré, yúníìtì mẹ́rin sì ni yóò dé ilẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Ògún kò fi bẹ́ẹ̀ fi ooru jẹ páńẹ́lì níyà, síbẹ̀ iná rẹ̀ kéré sí ti Ẹrẹ́nà, nítorí pé ohun tí ìkuukùu mú lọ ju ohun tí òtútù mú wá lọ fíìfíì. Ẹni tí ó bá ra bátìrì lórí ìrètí Ẹrẹ́nà yóò jókòó sínú òkùnkùn ní Ògún.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní ibi tí ó ti ń kọsẹ̀, ibẹ̀ sì ni ilé wa gan-an. Nígbà ọyẹ́, bí ẹ̀fúùfù bá gbé eruku láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad dé ọ̀dọ̀ wa, òwúrọ̀ lè jẹ́ 19, ọ̀sán 33, kí ìyàtọ̀ di 14, kí ìṣirò náà sì fi ayọ̀ kéde pé ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ lọ́pọ̀ yanturu, nígbà tí ó jẹ́ pé oòrùn tí ó wà lókè kò ju àwo funfun tí ojú ń wò láìpọ́n lọ, nítorí eruku. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni ó mú kí òru tutù tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ojú ọ̀run mọ́. Àwọn tí ó gbé ìṣirò náà kalẹ̀ kò gbé ní ilẹ̀ ọyẹ́. Wọn kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n àwa tí a ń lò ó yóò jẹ̀bi bí a kò bá ro ti ọyẹ́ mọ́ ọn. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, òwúrọ̀ tútù a máa gbé fóltì páńẹ́lì sókè ju bí a ti ń rí i lọ, nítorí náà oníṣẹ́ tí ó bá so páńẹ́lì púpọ̀ jù tẹ̀lé ara wọn lè ba ínfátà jẹ́ ní àárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wo ọ̀sán fún ewu.

Mo fẹ́ sọ díẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ rà. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni páńẹ́lì méjì lè ní wáàtì kan náà, gíláàsì kan náà àti owó tí kò jìnnà síra, kí ọ̀kan máa pàdánù 0.45 ní dígírì kọ̀ọ̀kan, kí èkejì máa pàdánù 0.3. Nọ́ńbà yìí wà nínú ìwé tí ó bá a wá; kí a béèrè fún un kí a tó sanwó. Bí a bá sì ń gbé e sórí ilé, kí a má ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ètò ìṣirò PVWatts ka páńẹ́lì tí ó wà ní gbangba sí 45 nínú ìdánwò tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ka èyí tí ó wà lórí òrùlé sí 49. Ní ọ̀sán Ẹrẹ́nà wa, ìyàtọ̀ náà yóò fi ju dígírì mẹ́rin lọ kún ooru rẹ̀, ìyẹn ni àdánù ìdá méjì dín díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún tí à bá ti yẹra fún bí a bá fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ láti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn ará Èkó tí ó wà létí ọ̀sà ní atẹ́gùn tí ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa tí a wà láàárín òkè méje kò ní irú rẹ̀, ó sì yẹ kí àlàfo abẹ́ páńẹ́lì wa pọ̀ ju tiwọn lọ. Bátìrì náà kò fẹ́ràn ooru, ẹ má gbé e sí abẹ́ páànù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mìíràn.

Ẹ̀bẹ̀ tí ó kù lẹ́nu mi, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ó dàgbà nínú yín rántí àpótí funfun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí ara rẹ̀ ní àlàfo bí fèrèsé onípákó kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá, tí ó máa ń dúró lórí koríko lẹ́yìn iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ Jọ́gíráfì ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ilẹ̀ yìí. Thomas Stevenson, ẹlẹ́rọ ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláńdì, ni ó ṣe irú rẹ̀ sílẹ̀, kí tẹmómítà lè wà nínú òjìji kí ó sì wọn afẹ́fẹ́ láìwọn oòrùn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ tún un kàn, ẹ kùn ún ní funfun, ẹ fi tẹmómítà sí i ní gíga tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sílẹ̀, kí ẹ sì yan àwọn ọmọ tí yóò máa kọ ooru sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan láti aago méje òwúrọ̀ títí di aago méje alẹ́, tàbí kí ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí ó ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀ bí agbára bá gbé e. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Bẹẹrẹ, òmíràn ní Mọ́nìyà, òmíràn ní Ìdó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan péré, kí wọ́n sì lẹ ìwé náà mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á, ìlú yìí yóò ní ìwọ̀n tí kò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni ní Reading tàbí ní Ispra. Mo bẹ̀ yín, kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀, kí oṣù Ẹrẹ́nà tó dé.